Milo Nìkan, Má Fi Lipton Sí I

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Gwagwalada, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mai shayi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Lọ́kọ́jà. Omi ń hó lórí èédú. Mai shayi ń da tíì láti inú ife kan sínú èkejì, ó ń gbé ọwọ́ sókè títí okùn tíì náà fi gùn tó apá, ẹ̀kán kan ò sì ta sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan yà síbẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́, sà," ó jókòó tì mí, ó ní kí wọ́n po tíì fún òun pẹ̀lú búrẹ́dì. Kí ọkùnrin yẹn tó na ọwọ́ sí pálí Lipton, ọmọ náà ti pariwo: "Milo nìkan o, àbókí! Má fi Lipton sí i." Àbókí wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n te ẹ̀bà láìsí gàrí.

Mo rò pé kì í jẹ́ kó rí oorun sùn ni. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọ òun ni ò fàyè gbà á. Ó wá dárúkọ ìjọ náà délẹ̀délẹ̀: Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn. Mo ní, "Ṣé àwọn Mọ́mọ́nì?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn èèyàn ló ń pè wá bẹ́ẹ̀, sà."

Ọ̀rọ̀ wà nínú èsì yẹn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, Russell M. Nelson, ààrẹ ìjọ náà nígbà náà, ní kí àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn oníròyìn fi ìnagijẹ náà sílẹ̀, kí wọ́n máa pe orúkọ tí ìjọ ń jẹ́ gan-an. Inú Ìwé ti Mọ́mọ́nì, èyí tí Joseph Smith, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, tẹ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ New York ní 1830, ni ìnagijẹ náà ti wá. Ọdún díẹ̀ péré ṣáájú ìkéde Nelson, àwọn fúnra wọn ṣì ń fi Mọ́mọ́nì polówó ara wọn fáráyé. Ìjọ tó bá ń yan orúkọ tí wọn ó máa pè é báyìí, ó ti ń sọ ohun tó rò nípa ara rẹ̀ fún wa. Mọ́mọ́nì ni màá máa lò níhìn-ín ṣá, torí òun ni òǹkàwé mọ̀. Kí ọ̀rẹ́ mi oní-Milo má bínú.

Òfin tó gba Lipton lọ́wọ́ rẹ̀ ti pẹ́. Lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1833, ní ìlú Kirtland ní ìpínlẹ̀ Ohio, Joseph Smith sọ pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lórí jíjẹ àti mímu. Wọ́n sọ àkọsílẹ̀ náà ní Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n. Ó ní kí wọ́n yàgò fún ọtí, tábà àti ohun mímu gbígbóná. Wọ́n sì túmọ̀ ohun mímu gbígbóná sí tíì àti kọfí. Ìmọ̀ràn ni lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, ó ti di òfin tó le: ẹni tí kò bá pa á mọ́ kò ní wọ tẹ́ḿpìlì.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni bí òfin Ohio ṣe ń bá oúnjẹ ilẹ̀ wa pàdé. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ohun gbígbóná tí a bá fi mílíìkì àti ṣúgà sí, tíì ni. Milo ń jẹ́ tíì, Bournvita ń jẹ́ tíì, bẹ́ẹ̀ kòkó ni wọ́n, kòkó ò sì sí nínú èèwọ̀. Ewé tíì tí ìyá àgbà ń sè fún ibà, tó jẹ́ pé tíì wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an, òun náà ò sí níbẹ̀, torí àkọsílẹ̀ yẹn yin ewé àti egbò tó ń ṣara lóore. Burukutu àti ẹmu, ẹjọ́ wọn ti parí. Coca-Cola dá àríyànjiyàn sílẹ̀ títí ìjọ fi là á mọ́lẹ̀ ní 2012 pé òfin náà ò kàn án. Obì ńkọ́? Joseph Smith ò mẹ́nu kan obì. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kì í jẹ ẹ́, ó tún ní bàbá òun, tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ, ń jẹ ẹ́ níbi ìkómọjáde.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Ìdílé kan kì í jẹ òkété, òmíràn kì í jẹ ẹyẹ kan báyìí. Bí o bá bi wọ́n léèrè, wọn ò ní sọ fún ọ pé ẹran náà burú. "A kì í jẹ ẹ́ nílé wa" ni wọ́n á wí. Inú "nílé wa" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òkété ò ṣẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èèwọ̀ wulẹ̀ ń rán ọmọ létí ilé tó ti wá ni, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé àwo síwájú rẹ̀. Àwọn Mọ́mọ́nì ní gbólóhùn tí wọ́n fi ń pe irú èyí: ènìyàn ọ̀tọ̀. Bíbélì ni wọ́n ti mú un. Ẹni tí Ọlọ́run yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ ló túmọ̀ sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò wọ́n láti ìta a máa gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní èèyàn tí ìwà rẹ̀ ṣàjèjì. Ìtumọ̀ méjèèjì ni àwọn Mọ́mọ́nì tẹ́wọ́ gbà, wọ́n tiẹ̀ ń fi ìkejì dápàárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ sí ta ni? Ní ìlú tí ọtí ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó lọ sí àríyá tí kò mu bíà, ojú á wò ó. Ẹ gbé ẹni kan náà wá sí Gwagwalada. Mùsùlùmí ló ń ta tíì fún un, onítọ̀hún kì í sì í mu ọtí. Ará Deeper Life ni aládùúgbò rẹ̀ lápá ọ̀tún, kì í mu. Ẹni tó wà lápá òsì, aláṣọ funfun ti Sẹ̀lẹ́, ọtí àti sìgá jẹ́ èèwọ̀ fún un pẹ̀lú. Kí ọmọge wọ aṣọ tó bo ara, kí ọ̀dọ́ má ṣe ìṣekúṣe kó tó gbéyàwó, kí ìdílé máa gbàdúrà pọ̀: kò sí èyí tí yóò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú wọn. Ohun tó mú Mọ́mọ́nì yàtọ̀ ní òkè òkun, ńṣe ló sọ ọ́ di ọmọ ilé níhìn-ín. Kí a tó rí ibi tó ti yàtọ̀ lóòótọ́, ó di ọjọ́ Sunday.

Gbogbo wa la mọ bí Sunday ṣe ń rí. Láti òru Friday ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń ṣiṣẹ́. Ìlù, sasọfóònù, "Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè!" Ẹni tó bá ti inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Mọ́mọ́nì lè rò pé ìsìn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìlù. Dùùrù tàbí kíbọ́ọ̀dù ló ń gbé orin, wọ́n á jókòó kọ ọ́ látinú ìwé. Kò sí pásítọ̀ tó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí pẹpẹ. Àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ti pín iṣẹ́ fún ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú: ìyá kan tó ń tajà á bọ́ síwájú, á sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìrònúpìwàdà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan náà á sọ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n. Wákàtí méjì, ó parí. Wákàtí mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Èyí tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé kò sí àpótí ọrẹ, kò sí ijó ọrẹ, kò sí "ẹni tó fẹ́ fún Ọlọ́run ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, dìde." Wọ́n ń san ìdámẹ́wàá o, wọn ò sì fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n inú àpò ìwé ni wọ́n ń dì í sí fún bíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn olórí ìjọ àdúgbò, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ ayélujára san án, láìsí ariwo.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí búrẹ́dì àti omi tí wọ́n fi ń ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Omi ni wọ́n ń lò níbi tí àwọn ìjọ mìíràn ti ń lo wáìnì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń kúnlẹ̀ ka àdúrà ìbùkún, ọ̀rọ̀ inú àdúrà náà ò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó lókè, ó ń fetí sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá fo ọ̀rọ̀ kan, yóò tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìjọ á dákẹ́ dúró dè é, a kì í gbọ́ ju ẹkún ọmọ ọwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọdékùnrin bí ọmọ ọdún méjìlá á gbé àwo búrẹ́dì, wọ́n á gbé omi nínú àwọn ife kéékèèké, wọ́n á máa gbé e kiri láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ yìí ti gba oyè àlùfáà. Ní ilẹ̀ tí ènìyàn Ọlọ́run ti ń ní ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé Bíbélì tẹ̀ lé e, ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ ti fẹ́ kúrú jù ló ń gbé oúnjẹ mímọ́ fún àgbà.

Bíṣọ́ọ̀bù náà ò gba owó oṣù. Ẹ lè bá a lọ́jọ́ Monday nídìí iṣẹ́ ìjọba, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ipò yẹn. Wọ́n pè é ni. Bó bá ṣe é tó bí ọdún márùn-ún, wọ́n á ní ó ṣeun, wọ́n á pe ẹlòmíràn, òun á padà síbi tí àwọn yòókù jókòó sí, ó tiẹ̀ lè di olùkọ́ àwọn ọmọdé. Mo bi ọ̀rẹ́ mi bóyá bíṣọ́ọ̀bù tó ti lọ kì í kó ìjọ tirẹ̀ jáde kó dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín débi pé Milo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀ jáde.

Ọ̀nà tí aráàlú fi ń dá wọn mọ̀ jù ni àwọn ọmọ méjì-méjì tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, àmì dúdú ní àyà. A kọ "Elder" sára àmì náà, Alàgbà lédè wa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Mo mọ ìyá Yorùbá kan tó kọ̀ jálẹ̀ láti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Alàgbà. Ó ní bí òun bá pè é bẹ́ẹ̀, kí ni kí òun wá pe bàbá rẹ̀? Àwọn ọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́ yìí láti ọmọ ọdún 18, ọdún méjì ni wọ́n ń fi ṣe é; oṣù 18 ni ti àwọn obìnrin. Kì í ṣe àwọn ló ń yan ibi tí wọn ó lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà a kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀kọ́ ní Ghana. Wọn kì í fẹ́ra, wọn kì í dá rìn: ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú ti lè tó o. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ìgbà méjì lọ́dún ni wọ́n ń pe òbí lórí fóònù. Ní báyìí, wọ́n lè pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe agùnbánirọ̀ á mọ̀ pé kúrò nílé máa ń sọ ọmọ di ẹlòmíràn. Tiwọn jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, láìsí àláwì, torí owó tirẹ̀ tàbí ti ẹbí ni ọmọ fi ń ṣe é, ìjọ a sì ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ èèpo. Kókó ibẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì ń bí àwọn Kristẹni yòókù nínú. Àwọn Mọ́mọ́nì gbà pé lẹ́yìn ikú àwọn àpọ́sítélì, àṣẹ Ọlọ́run kúrò láyé, kò sì padà àfi ìgbà Joseph Smith. Nítorí náà, ìrìbọmi tí o ṣe ní Bàptíìsì tàbí Rídíìmù, lójú tiwọn, kò ní àṣẹ nínú. Wàá tún un ṣe. Wọ́n tún gbà pé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pásítọ̀ fi ń sọ pé wọn kì í ṣe Kristẹni rárá, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dùn wọ́n wọra.

Ẹni tí a bá lé kiri kì í pẹ́ mọ̀ pé òun yàtọ̀. Lọ́dún 1838, gómìnà Missouri, Lilburn Boggs, pàṣẹ pé kí wọ́n lé wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ náà tàbí kí wọ́n pa wọ́n run. Ní 1844, àwọn jàǹdùkú pa Joseph Smith nínú ẹ̀wọ̀n ní Illinois. Brigham Young, arọ́pò rẹ̀, kó àwọn tó kù la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n dé Utah ní 1847. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀ ní gbangba, títí ìjọba Amẹ́ríkà fi dojú ìjà kọ wọ́n tí wọ́n sì kéde ní 1890 pé àwọn ti jáwọ́. Armand Mauss, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà, kọ ìwé kan ní 1994 lórí ohun tó tẹ̀ lé e: wọ́n sapá títí wọ́n fi jọ àwọn ará Amẹ́ríkà yòókù, ìgbà tí wọ́n wá jọ wọ́n tán, ẹ̀rù bà wọ́n pé àwọn ti jọ wọ́n jù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn le. Lójú mi, Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n wà lára ohun tó gba ipò ìyàwó púpọ̀. Ìjọ tí kò lè fi ilé yàtọ̀ mọ́, ó fi ife yàtọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí dé ọ̀dọ̀ wa: ìjọ tí àwọn wòlíì rẹ̀ ìgbà àtijọ́ ní ìyàwó púpọ̀ kì í ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ lónìí. Dallin H. Oaks, tó di ààrẹ ìjọ ní 2025, ti sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ ní Áfíríkà lórí ohun tó pè ní àṣà ìhìnrere: bí àṣà ilé yín bá tako ti ìhìnrere, ẹ ju ti ilé sílẹ̀. Owó orí ìyàwó wà lára ohun tó dárúkọ, ó ní kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tètè gbéyàwó. Níbi tí mo bá a dé, mo fẹ́ jiyàn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá Yorùbá ló ń dá owó orí padà lójú agbo, tó ń sọ pé òun ò ta ọmọ. Aṣọ ẹbí àti jíjẹ-mímu ló ń tán owó ọkọ ìyàwó. Ibẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ wọn fún ọmọ Nàìjíríà láì dé ibi tó ń dunni. Láti 1852, ìjọ náà ò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú gba oyè àlùfáà, oyè kan náà tí ọmọ ọdún méjìlá ń gbà. Síbẹ̀, nígbà tó di nǹkan bí 1960, àwọn èèyàn kan lápá gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí ti rí ìwé wọn kà, wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀ fúnra wọn ní orúkọ náà, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Utah pé kí wọ́n wá. LaMar Williams, òṣìṣẹ́ ìjọ náà, wá wò wọ́n ní 1961. Lọ́dún 1963, Ambrose Chukwu, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní California, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní Enugu nípa ojú tí ìjọ náà fi ń wo aláwọ̀ dúdú. Ìjọba ò fún àwọn míṣọ́nnárì tí ìjọ fẹ́ rán wá ní físà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Lóṣù kẹfà ọdún 1978, Spencer W. Kimball, ààrẹ ìjọ náà nígbà náà, kéde pé òfin yẹn ti dópin, nígbà tó sì di ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ri Anthony Obinna, ọ̀kan lára àwọn tó ti ń dúró de ìjọ náà, àti àwọn méjìdínlógún mìíràn bọmi ní ìpínlẹ̀ Imo. Lónìí, àwọn ọmọ ìjọ náà ní Nàìjíríà lé ní 200,000. Ní 2013, ìjọ náà jáde sọ pé àwọn ò fara mọ́ àwọn àlàyé tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nípa àwọ̀ ara. Mo bi ọ̀rẹ́ mi bí ó ṣe ń gbé èyí mì. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní àwọn tí wọ́n tì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ló fẹ́ràn ilé náà ju àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ. N kò mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò tún bi í mọ́.

Ohun tó jọ wá jù lára wọn ni mo fi kẹ́yìn. Wọ́n gbà pé ìdílé kì í tú ká nígbà ikú, àti pé alààyè lè ṣe ìrìbọmi dípò òkú tí kò rí àyè ṣe é, kí òkú náà wá fọwọ́ ara rẹ̀ yan bóyá òun gbà á tàbí òun ò gbà á. Inú tẹ́ḿpìlì nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tí kò bá ní káàdì àṣẹ kò sì lè wọlé. Tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni ti Aba, tí Gordon B. Hinckley, ààrẹ ìjọ nígbà náà, yà sí mímọ́ lọ́jọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2005. Láti Gwagwalada, odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà ni. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n kéde pé wọ́n máa kọ́ ọ̀kan sí Abuja. Nítorí ìrìbọmi dípò òkú yìí ni wọ́n ṣe ń wá orúkọ àwọn baba ńlá kiri ayé, tí wọ́n sì ń gba ohùn àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìdílé sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ti dá wàhálà sílẹ̀ rí: ní 1995, wọ́n bá àwọn Júù ṣe àdéhùn lórí orúkọ àwọn tí Hitler pa, tí àwọn kan ti lọ ṣe ìrìbọmi fún.

Ọ̀rẹ́ mi fa fóònù yọ kí n lè fojú ara mi rí i. Ó ní kì í ṣe fún ìrìbọmi, ẹnikẹ́ni ló lè lo FamilySearch, ọ̀fẹ́ ni. "Kí ni orúkọ bàbá tó bí bàbá yín, sà?" Mo sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì rẹ̀, mo sì ń bá a lọ, àbókí pàápàá dá tíì dúró. Ọmọ náà ń wá ibi tí òun lè kọ ọ́ sí, kò rí i. Ọdún ìbí ni fóònù ń béèrè.

"Wọ́n ní ọdún tí rélùwéè dé Ìbàdàn ni wọ́n bí i."

Ó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ 1901. Ó wò mí, ó padà, ó kọ "nǹkan bí" síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè orúkọ ìyá tó bí bàbá náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, ó gbé Milo rẹ̀ tó ti tutù mu.